Bàálù ogun Typhoon kọjá lórí mi ní Fairford, omi bọ́ lójú mi

Àwòdì-Swindon

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Láti ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé tí kò ní bi mí pé "bàálù lásán náà ló ń pa ẹ́ lẹ́kún?"

Ọdún kẹfà tí mo ti ń gbé Swindon nìyí. Tí oṣù Keje bá ti dé, màá gbọ́ ariwo lókè, màá ní "àwọn ará Fairford ti dé nìyẹn," màá sì bá iṣẹ́ mi lọ. Lọ́dún yìí, ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa tí àyè ò gbà fún mọ́ fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo lọ. Ìròyìn ò tó àfojúbà o.

Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀: ibùdó ológun òfúrufú ni Fairford, ní Gloucestershire. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Royal International Air Tattoo tí gbogbo èèyàn ń pè ní RIAT. North Weald ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1971, ó wá dé Fairford ní 1985. Ní 2003, bàálù 535 ló péjọ síbẹ̀, ìwé Guinness World Records sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì sí àfihàn bàálù ogun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Typhoon. Ọwọ́ òsì mi ló ti ń bọ̀, ó rẹlẹ̀, kò sì dún. Mo ń wò ó bó ṣe ń tóbi sí i: ó kọ́kọ́ dà bí eṣinṣin, ó dà bí ẹyẹlé, ó wá di nǹkan ńlá tó ní imú ṣóńṣó. Síbẹ̀ kò dún. Ó dé iwájú wa, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fi ikùn hàn wá, ìkùukùu funfun sì bo ẹ̀yìn ìyẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá da òwú lé e. Ó ń kọjá lọ kí ariwo tó dé. Kì í ṣe etí ni mo fi gbọ́ ọ, àyà ni. Egungun ìhà mi ń gbọ̀n, ike omi tí mo gbé sórí koríko ń jó níbi tó wà. Ó wá gbé imú sókè, ìdí ẹ́ńjìnnì méjèèjì pọ́n bí ẹyin iná alágbẹ̀dẹ, ó sì gun òkè tààrà títí ojú mi ò fi ká a mọ́.

Bàbá òyìnbó arúgbó kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn na tíṣù sí mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé omi ti bọ́ lójú mi.

Ta ló tún ti rí irú èyí? Kí ló ń ṣe wá gan-an?

Ẹnjiníà-Derby

O kú oríire, àbúrò. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì bàálù kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n dáhùn èyí tí mo mọ̀.

O kọ́kọ́ rí i kí o tó gbọ́ ọ nítorí pé eré tó ń sá súnmọ́ eré tí ohùn fúnra rẹ̀ ń sá. Ariwo rẹ̀ kò ráyè ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìkùukùu orí ìyẹ́ yẹn kì í ṣe èéfín. Nígbà tó yí bìrí, afẹ́fẹ́ orí ìyẹ́ fẹ́lẹ́ lójijì, ó tutù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì di ìkùukùu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá rin gan-an lo máa rí i jù, ọjọ́ tí àwọn èèyàn á máa ráhùn pé oòrùn ò ràn.

Iná ìdí rẹ̀ ńkọ́? Reheat là ń pè é níhìn-ín, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní afterburner. Ẹ́ńjìnnì ti jó epo tirẹ̀, wọ́n á wá tún fọ́n epo mìíràn sínú ooru tó ń jáde lẹ́yìn, iná á tún sọ. Ẹ́ńjìnnì EJ200 tó wà nínú Typhoon, agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń ti bàálù síwájú tó nǹkan bí 60 kilonewton láìsí iná yẹn, ó sì ń di 90 tí wọ́n bá tàn án. Méjì sì ni. Ṣùgbọ́n epo á máa lọ bí omi odò, ìdí nìyẹn tí pílọ́ọ̀tì kì í fi í tàn án pẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ kékeré kan tó wà nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ooru ti ń pọ̀ jù. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Nickel tí wọ́n pò mọ́ àwọn irin mìíràn ni, kírísítálì kan ṣoṣo sì ni wọ́n dà á, láti ìdí dé orí kò sí ojú ìsopọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gbá a lójú gbóná kọjá ibi tí irin yẹn fúnra rẹ̀ ti ń yọ́. Ohun tí kò jẹ́ kó yọ́ ni àwọn ihò tí wọ́n lu sí i lára bí ajere, ihò tí abẹ́rẹ́ ló lè wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ tó tutù ju ti ìta lọ ń gba ibẹ̀ yọ, ó ń bò ó bí aṣọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, mo dì í mú bí ẹyin adìẹ. Tí jẹ́ẹ̀tì bá kọjá lórí mi, abẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo máa ń rántí.

Ìyá-Ìbejì-Peckham

Bùrọ̀dá Àwòdì, mo ka tiyín fún àwọn ọmọ mi méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n. Wọn ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Ìbéèrè mi: ṣé ariwo yẹn ò ní ba etí ọmọdé jẹ́? Àti pé ṣé èèyàn lè lọ láàárọ̀ kó sì padà sí London lálẹ́?

Àwòdì-Swindon

Àǹtí mi, ó ṣeé lọ ṣeé bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ tètè jí. Ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ tóóró, ọkọ̀ sì máa ń tò títí. Ní ti etí, ẹ má ṣe gbé wọn lọ láìsí ìbotí tó ń dín ariwo kù, èyí tó ń bo gbogbo etí, kì í ṣe fóòmù tí wọ́n ń ki bọ inú etí, torí ọmọdé á yọ ọ́ dànù. Mo rí ọmọ ọwọ́ tó wọ irú ìbotí yẹn tó sì ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí jẹ́ẹ̀tì ogun F-16 ń kọjá.

Ọmọ-Makurdi

Ẹ ti fi ọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Makurdi ni wọ́n bí mi sí, nítorí pé nídìí bàálù ogun Jaguar ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ. Jaguar 18 ni ìjọba Nàìjíríà rà lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwa ọmọ inú bárékè, a mọ ìró rẹ̀ yàtọ̀ sí ti MiG-21. Tí méjì bá jọ gbéra, a ó sáré jáde, a ó máa pariwo "Bàálù, ó dàbọ̀!" títí ọ̀fun á fi há.

Tí bàbá mi bá wọlé nírọ̀lẹ́, kẹrosíìnì ni aṣọ rẹ̀ ń rùn. Ìyá mi ní bàsíà kan tó yà sọ́tọ̀, inú rẹ̀ nìkan ló ń rẹ aṣọ yẹn sí. Títí di òní, tí wọ́n bá tan sítóòfù, bàbá mi ni mo máa ń rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 wọ́n dá Jaguar dúró, owó ìtọ́jú ò tó. Bàbá mi ò fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ra F-7Ni lọ́wọ́ Ṣáínà, ó sì di oṣù Karùn-ún 2021 kí JF-17 mẹ́ta tó wọlé láti Pakistan. Ní ọdún kan náà ni Super Tucano 12 dé. Mo dúpẹ́ pé wọ́n dé, ṣùgbọ́n onífáànù ni Super Tucano, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì. Kò lè fún ọmọdé ní ohun tí Jaguar fún wa.

Ẹnjiníà-Derby

Ọmọ-Makurdi, gbọ́ èyí kí inú rẹ dùn. Ẹ́ńjìnnì Adour ló wà nínú Jaguar tí bàbá rẹ ń tọ́jú. Adour náà ló wà nínú bàálù Hawk T1 tí àwọn Red Arrows ń fò, ẹgbẹ́ eléré òfúrufú oníbàálù pupa tó jẹ́ ìyangàn ilẹ̀ yìí láti 1965. Ti Jaguar ní reheat, ti Hawk ò ní, ṣùgbọ́n ìdílé kan ni wọ́n. Èéfín pupa, funfun àti búlúù tí wọ́n ń tú yẹn, dísùẹ́lì àti aró ni, inú ooru tó ń jáde lẹ́yìn Adour ni wọ́n ń fọ́n ọn sí. Tí bàbá rẹ bá wà láyé, sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń fò.

Ọmọ-Makurdi

Wọ́n wà láyé, Ìbàdàn la jọ wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á sí wọn létí tán ni. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹ ṣì rántí bí ọwọ́ ṣe ń há tí èèyàn bá fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì yẹn jáde.

Ẹnjiníà-Derby

Ẹ kí wọn fún mi. Ẹ sọ fún wọn pé àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìka ọwọ́ ọ̀tún mi.

Ará-São-Paulo

Ọmọ-Makurdi, mi ò gbà pẹ̀lú rẹ lórí Super Tucano. Orílẹ̀-èdè Brazil níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Embraer ni. Òun náà ni àwọn ológun òfúrufú ibí fi ń ṣeré. Esquadrilha da Fumaça lorúkọ wọn, ẹgbẹ́ eléèéfín, láti 1952. Méje ni wọ́n máa ń gbé jáde. Mo ti rí i tí wọ́n dorí kodò, tí wọ́n to ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì gba iwájú èrò kọjá bẹ́ẹ̀, orí pílọ́ọ̀tì nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì yẹ̀.

Jẹ́ẹ̀tì máa ń lọ jìnnà kó tó lè yí padà wá. Super Tucano kì í lọ jìnnà, ojú rẹ ló máa wà, o máa rí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ pílọ́ọ̀tì. Bàálù kan náà ló wà ní Kainji. Tí wọ́n bá gbé mẹ́rin wá sókè Èkó, kí wọ́n fi èéfín sí i nídìí, wàá rí i bóyá ọmọdé ò ní sáré jáde.

Ọmọ-Makurdi

Ti ìdoríkodò yẹn, mo gbà. Màá wá fídíò wọn wò.

Lékeléke-Houston

Mo kí gbogbo ilé. Tèmi ni Blue Angels, ti àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà. 1946 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Super Hornet ni wọ́n sì ń fò láti 2021. Mo ti wò wọ́n ní Ellington, níbi Wings Over Houston.

Ẹ gbọ́ nǹkan tó yà mí lẹ́nu. Tí Typhoon tàbí F-16 bá yí bìrí, ó lè di 9 G, ìyẹn ìlọ́po mẹ́sàn-án ìwúwo èèyàn. Ẹni tó wúwo 80 kílò nílẹ̀ á wúwo 720 kílò nínú àga yẹn. Ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ sá kúrò lórí lọ sẹ́sẹ̀, ojú á máa ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ ṣòkòtò kan tí afẹ́fẹ́ ń kún, tó ń fún itan àti ikùn pinpin. Àwọn Blue Angels kì í wọ̀ ọ́. Orí itan ni wọ́n ń gbé apá lé kí ọwọ́ tó di ọ̀pá ìtukọ̀ mú má baà gbọ̀n. Tí ṣòkòtò yẹn bá wú lójijì, á ti apá wọn, bẹ́ẹ̀ íǹṣì 18 péré ló lè wà láàárín bàálù kan àti èkejì. Nítorí náà wọ́n á kàn sún iṣan ẹsẹ̀ àti ikùn kì, wọ́n á fi agbára ara wọn dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Mo wo ọ̀kan nínú wọn bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó ń bọ àwọn ọmọdé lọ́wọ́, irun rẹ̀ rin gbingbin bí ẹni tó jáde láti odò.

Àgbà-Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí. Ohun tí ẹ ń yìn yìí, ohun ìpànìyàn ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 2017, bàálù ogun wa fi àṣìṣe ju bọ́ǹbù sí Rann ní ìpínlẹ̀ Borno, sórí ibùdó àwọn tí Boko Haram ti lé kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ló kú, obìnrin àti ọmọdé. Àwọn ọmọ ibẹ̀ náà gbọ́ ìró jẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì sáré jáde láti sọ pé ó dàbọ̀.

Eré rẹ̀ pàápàá ń pa èèyàn. Ní Ramstein ní Jámánì, 1988, bàálù mẹ́ta kọlu ara wọn níwájú èrò, ọ̀kan já sáàárín wọn, èèyàn 70 ló kú.

Àwòdì-Swindon

Bàbá, ẹ ṣeun. Mi ò ní ba yín jiyàn. Orí rọ́nwéè Fairford tí mo jókòó tì yẹn ni àwọn bàálù ajubọ́ǹbù B-52 ti gbéra ní 2003 lọ ju bọ́ǹbù sí Ìráàkì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, nígbà tí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, mo wo rọ́nwéè yẹn, mo ronú nípa ẹni tó wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń gbọ́ ìró tí mo san owó ọkọ̀ wá gbọ́. Ọkàn mi ò balẹ̀. Nígbà tí àwọn Red Arrows wọlé, mo tún dìde dúró. Àwọn méjèèjì ló wà nínú mi, mi ò lè yọ ọ̀kan.

Ọmọ-Makurdi

Bàbá, òtítọ́ lẹ sọ. Ti wa náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2018, F-7Ni méjì ń dánra wò ní Abuja fún ọjọ́ òmìnira, wọ́n kọlu ara wọn lókè Katampe. Pílọ́ọ̀tì kan kú, àwọn yòókù fi páráṣúùtì bọ́. Bàbá mi ò wo ètò ọjọ́ òmìnira lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún yẹn.

Ẹnjiníà-Derby

Fairford náà ti rí i. Ní 1993, MiG-29 méjì ti Rọ́ṣíà kọlu ara wọn níwájú èrò. Àga ta pílọ́ọ̀tì méjèèjì jáde, wọ́n sì yè, kò sẹ́ni tó kú nílẹ̀. Ti Shoreham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí náà, ò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2015, bàálù ogun Hunter àtijọ́ kan ṣe òkìtì ńlá, kò ga tó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ nílẹ̀, ó já sórí ọ̀nà A27. Èèyàn 11 ló kú, ojú ọ̀nà ni wọ́n wà, wọn ò sí nínú pápá. Láti ìgbà yẹn ni òfin ti le gan-an: bí bàálù ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí èrò tó, bó ṣe gbọ́dọ̀ ga tó kó tó yí, ẹni tó ní àṣẹ láti dá eré dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ń ráhùn pé eré ò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èmi ò sí lára wọn. Ẹni tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ kò ra tíkẹ́ẹ̀tì ewu.

Ọmọ-Ìsàlẹ̀-Èkó

Bath ni mo ń gbé, kò jìnnà sí Fairford. Ẹni tó bá wá lọ́dún tó ń bọ̀, kó yà sí itẹ́ òkú Haycombe. Ibojì Peter Thomas wà níbẹ̀. Ọmọ Èkó ni, òun ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ́fíísà awakọ̀ nínú RAF, ẹgbẹ́ ológun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1942, nígbà ogun Hitler. Jàǹbá bàálù ló pa á ní 1945. Òkúta funfun bíi ti gbogbo yòókù ni. Mo máa ń mú omi lọ, màá fi nu ewéko kúrò lára orúkọ rẹ̀.

Àgbà-Ìjẹ̀bú

Ọlọ́run á bù kún ọ fún èyí, ọmọ mi.

Ìyá-Ìbejì-Peckham

Ẹ ṣé gbogbo yín. Táíwò bi mí pé ṣé àwọn obìnrin náà ń fò ó, kí n tó dáhùn ó ti ní "ó dájú pé ọkùnrin nìkan ni." Kí ni kí n sọ fún un?

Lékeléke-Houston

Sọ fún un pé irọ́ ni! Kirsty Moore wọ Red Arrows ní 2009. Ní Nàìjíríà, oṣù Kẹwàá 2019, wọ́n fi ìyẹ́ awakọ̀ lé Kafayat Sanni láyà, obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa bàálù ajagun lórílẹ̀-èdè wa. Ọjọ́ kan náà ni Tolulope Arotile gba tirẹ̀ fún hẹlikọ́pítà ogun. Ọmọ Ìjùmú ni Tolulope, Okun ni, ọmọ tiwa. Ọkọ̀ ilẹ̀ ló pa á ní Kaduna ní oṣù Keje 2020, ọmọ ọdún 24 ni. Mo sunkún ọjọ́ yẹn bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n.

Ìyá-Ìbejì-Peckham

Mo sọ fún un. Ó ní kí n bá òun kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù, ti Tolulope lókè. Kẹ́hìndé ní òun ò ní wọ ìbotí àfi tó bá jẹ́ pupa. Ìbotí pupa méjì ni mo ń wá báyìí, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, kó sọ fún mi.

Àwòdì-Swindon

Mo mọ ṣọ́ọ̀bù kan níbí. Ẹ fi ìwọ̀n orí wọn ránṣẹ́ sí mi, màá rà á lọ́jọ́ Sátidé.